Ojú ẹ̀kọ lè tutù kí inú rẹ̀ ṣì gbóná: iná tí àwọn dọ́kítà ń dá sínú ọkàn

Ẹni tó bá ti mu ẹ̀kọ gbígbóná rí láàárọ̀ kùtù ní Àkànràn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Wọ́n á po ògì, wọ́n á da omi híhó lé e, ẹ̀kọ á dì. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ fúngbà díẹ̀, atẹ́gùn á fẹ́ sí ojú rẹ̀, ojú ọ̀hún á tutù, á di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọmọdé á fi ìka kàn án, á ní, "Màámi, ó ti tutù o." Kó tó gbé ṣíbí àkọ́kọ́ mì, igbe ti ta, ahọ́n ti bó. Ojú ló tutù, inú ò tutù.

Ohun kan náà gan-an ló ti ń yọ àwọn dọ́kítà ọkàn lẹ́nu láti bí ogójì ọdún, àfi pé tiwọn kì í ṣe ẹ̀kọ, ọkàn ènìyàn alààyè ni. Wọ́n ń ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí dé inú ọkàn, wọ́n á wá fi iná jó ibì kan níbẹ̀ tí kò ju hóró àgbàdo lọ, kí ọkàn tó ń sáré asínwín lè fara balẹ̀. Tẹmómítà wà lẹ́nu wáyà náà. Tẹmómítà á ní ó ti tó. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Bí iná bá kéré, àìsàn á padà wá. Bí iná bá pọ̀ jù, ọkàn lè lu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú àìsàn tó gbé iná dé ibi tó ṣẹlẹgẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkàn ní ìyáàlù tirẹ̀. Inú yàrá òkè lápá ọ̀tún ló wà, òun ló ń pe ìlù, tí gbogbo ọkàn ń tẹ̀ lé e, ìgbà ọgọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Ìlù yẹn, iná mànàmáná kékeré ni. Á tàn ká yàrá òkè méjèèjì, á wá gba ẹnubodè kan ṣoṣo tó wà láàárín, á dúró díẹ̀ níbẹ̀, kó tó wọ yàrá ìsàlẹ̀. Ẹnubodè kan ṣoṣo ni Ọlọ́run ṣe síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n bí tòun ti ọ̀nà àbùjá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè náà. Bí iná bá gba ẹnubodè sọ̀kalẹ̀, á gba àbùjá padà gòkè, á tún sọ̀kalẹ̀, á tún gòkè, bí ọlọ́kadà tó ń yí ráńdábáòtù po láìyà. Ọkàn á máa lù ní ìgbà ọgọ́sàn-án, igba, ní ìṣẹ́jú kan. Dọ́kítà mẹ́ta, Wolff, Parkinson àti White, ló kọ nípa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní 1930, orúkọ wọn ni àwọn dọ́kítà sì ń pe àìsàn náà títí di òní.

Ti àgbàlagbà tún yàtọ̀. Tiwọn, yàrá òkè ni kì í lù mọ́ bó ṣe yẹ, á kàn máa gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rìn dáadáa níbẹ̀ lè dì, kí dídì rẹ̀ gòkè lọ sí ọpọlọ, ó di rọparọsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ẹnu ilẹ̀kùn ọkàn wà lára ohun tó máa ń fà á láàárín tiwa.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ lóko ní tòsí Àkànràn, ó ń ṣán oko ẹ̀gẹ́. Láìjẹ́ pé ó sáré, láìjẹ́ pé ẹ̀rù bà á, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Á jókòó sábẹ́ igi ọ̀sàn. Bó bá délé, ohun tí wọn ó sọ nìyí:

"Màámi, àyà mi tún sáré lóko lónìí."

"Ọmọ mi, ṣé o jẹun kó o tó lọ? Àbí ẹnì kan bá ọ wí?"

"Ẹ̀mí kan ò bá mi wí, mà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ náà ni. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró gbì, bí ẹni pa iná."

"Ó dáwọ́ dúró bí ẹni pa iná? Háà. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣojú lásán. A ó lọ rí bàbá."

Bàbá tí wọn ó lọ rí lè fún un ní àgbo, lè fún un ní ìgbàdí. Kò sí ẹni tó lè bá ìyá wí pé ó wá ìwòsàn fọ́mọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ọmọ yẹn sọ, pé ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó sì dáwọ́ dúró lójijì bí ẹni pa iná, òun gan-an ni dọ́kítà ọkàn ń fẹ́ gbọ́. Ìbẹ̀rù kì í wá bẹ́ẹ̀, ibà kì í lọ bẹ́ẹ̀. Iná tó ń gba àbùjá ló máa ń ṣe báyẹn.

Wíwọ inú ọkàn láìla àyà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1929, dọ́kítà ọ̀dọ́ kan ní Jámánì, Werner Forssmann, ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan ẹ̀jẹ̀ apá ara rẹ̀ dé inú ọkàn ara rẹ̀, ó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá X-ray kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Ènìyàn á ní ọkùnrin yìí ya wèrè. Ní 1956 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ti iná, èèṣì ló kọ́kọ́ fi í hàn. Ní Paris, àwọn dọ́kítà ti ti wáyà bọ inú ọkàn aláìsàn kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, ni ọkàn bá yí padà, wọ́n bá fi ẹ̀rọ fún un ní ìjáyà iná mànàmáná láti òde àyà. Díẹ̀ nínú iná ọ̀hún gba wáyà inú ọkàn kọjá, ló bá jó ẹnubodè tí ìlù ń gbà pa pátápátá. Wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1979. Àwọn mìíràn á ka irú rẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Melvin Scheinman ní San Francisco kò ṣí i. Ó ronú pé bí èèṣì bá lè pa ẹnubodè, a lè mọ̀ọ́mọ̀ pa á fún ẹni tí ìlù àsárépa ń gba ibẹ̀ kọjá, kí a wá fi ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì sí àyà rẹ̀ láti máa lu ọkàn. Ní 1982 òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ náà jáde. John Gallagher ní yunifásítì Duke náà ń ṣe irú rẹ̀ nígbà kan náà.

Iṣẹ́ ìgbà yẹn le. Ìjáyà ńlá kan ni, bí ìgbà tí àrá kékeré bá sán nínú ọkàn, kò sẹ́ni tó lè ní kí àrá rọra sán. Nígbà tí ọdún 1980 àti díẹ̀ ń parí lọ ni wọ́n rí iná mìíràn tó gbọ́ràn jù ú lọ.

Iná tuntun yìí bá iná NEPA tan, ṣùgbọ́n wọn ò jọra. (NEPA ti kógbá wọlé láti 2005, àmọ́ ẹnu wa ò tíì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.) Iná ilé wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé ènìyàn jìgìjìgì. Ti inú ọkàn yìí ń lọ, ó ń bọ̀, ní nǹkan bí ìgbà 500,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó yára débi pé ẹran ara kò rí àyè gbọ̀n, kìkì gbígbóná ló ń gbóná. Agbára rẹ̀ náà kò pọ̀, ó máa ń tó ogún sí àádọ́ta wáàtì. Gílóòbù aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń tàn sí ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ogójì wáàtì ni ọ̀pọ̀ wọn. Nǹkan bí ọgbọ̀n sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ń tàn án sí ojú kan, wọ́n á pa á.

Ní 1991 ni ayé gbọ́ bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe dára tó. Warren Jackman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oklahoma tọ́jú ènìyàn 166 tó ní ọ̀nà àbùjá. Nínú 166 yìí, 164 ni wọ́n rí àbùjá rẹ̀ jó pa. Àìsàn tí ẹlòmíràn ti ń gbé kiri láti kékeré, tó ń gbé oògùn mì nítorí rẹ̀ lójoojúmọ́, ó tán láàárín ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ èyí: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn, àbùjá ọ̀hún tún jí padà, wọ́n ní láti tún un ṣe. Ohun tí wọ́n rò pé ó ti kú, ó kàn sùn ni.

Kí ló fà á? Ẹ̀kọ wa tún dé.

Ẹran ọkàn tó bá gbóná dé nǹkan bí 50 dígírì, ó kú nìyẹn, kò tún lè gbé iná kọjá mọ́. Èyí tó gbóná dé 45, kò kú, orí rẹ̀ kàn fò lọ ni. Dọ́kítà á wo ẹ̀rọ, á rí i pé àbùjá ti dákẹ́, inú á dùn, wọ́n á dá aláìsàn padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹran á jí. Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, bí inú ẹran bá gbóná dé 100, omi inú rẹ̀ á hó, ooru á wá ọ̀nà jáde, á dún pó bíi gúgúrú nínú ìkòkò. Wọ́n máa ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Gúgúrú dára lẹ́nu, kò dára nínú ọkàn: ó lè la ògiri ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú àpò tó yí i ká. Láàárín 50 àti 100 ni ọgbọ́n wà.

Ẹ wá wo ibi tí tẹmómítà wà. Ẹnu wáyà ló wà, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn kọjá lára wáyà náà láìdúró, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń tù ú. Nítorí náà tẹmómítà lè pe 50 nígbà tí inú ẹran, ní bíi mìlímítà kan sí méjì sísàlẹ̀, ti ń lọ sí 80. Ojú tutù, inú ò tutù. Àwọn tó ṣe wáyà tún fi kún un: kí ẹ̀jẹ̀ má baà jóná mọ́ ẹnu wáyà, wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí i tí omi oníyọ̀ ń gbà jáde láti máa tù ú. Ó dára, ẹ̀jẹ̀ ò jóná mọ́, iná sì ń wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n tẹmómítà wá di òpùrọ́ pátápátá, nítorí omi tútù ló ń wọ̀n, kì í ṣe ẹran.

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ní, bí a ò bá lè wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó kí a tó tan iná. Ìṣírò ọ̀hún kò bẹ̀rẹ̀ lórí ọkàn rárá. Harry Pennes, ní New York, ló ki wáyà awọngbóná bọ ẹran apá àwọn ènìyàn, tó wo bí ìgbóná ṣe ń yàtọ̀ láti awọ dé inú, tó sì kọ ọ́ jáde ní 1948. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: ooru tó wà ní ojú kan nínú ara, díẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ gbé wá tàbí tó gbé lọ. Ọ̀pọ̀ ìṣírò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí nípa iná inú ọkàn, orí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ló dúró sí.

Ohun tí ìṣírò kọ́kọ́ fi hàn ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Iná fúnra rẹ̀ kì í rìn jìnnà. Bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí àárín gbùngbùn ẹnu wáyà, ooru tí iná ń dá sílẹ̀ níbẹ̀ á ti já sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Kìkì mìlímítà kan sí méjì tó sún mọ́ wáyà ni iná ń sè fúnra rẹ̀. Ìyókù, ooru ló ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a bá fi iṣu sẹ́nu iná: èèpo á ti dúdú kí àárín tó rọ̀. Ẹni tó bá kánjú yọ iṣu, tútù ló máa bá nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí i pé bí wọ́n bá pa iná, ooru kì í dúró lójú ẹsẹ̀, á ṣì máa wọlé lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ó tó kó tó paná, ó ti kọjá ohun tó tó.

Wọ́n tún rí i pé ọwọ́ tí wọ́n fi ti wáyà mọ́ ẹran ṣe pàtàkì. Bí wáyà bá kàn ń fara kan ẹran fẹ́ẹ́rẹ́, inú ẹ̀jẹ̀ ni iná ń lọ. Bí wọ́n bá tì í jù, ó lè gún ọkàn. Àwọn wáyà ìgbà yìí ní ohun tó ń wọn agbára ọ̀hún, mẹ́wàá sí ogún gíráàmù ni ọ̀pọ̀ dọ́kítà ń wá. Ìwé bébà tí a fi ń kọ lẹ́tà, méjì sí mẹ́rin rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé ìwé mẹ́ta sórí ọwọ́, kẹ́ ẹ wo bó ṣe kéré tó. Ọkàn náà sì ń mì, ń sún, ń fà, kì í dúró dè wọ́n.

Àmì mìíràn ni bí ẹran ṣe ń dènà iná. Ẹran tó ń gbóná máa ń jẹ́ kí iná kọjá fàlàlà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà bí òǹkà ìdènà lójú ẹ̀rọ bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń jinná nìyẹn. Bó bá ṣàdédé fò sókè, wọ́n á yára pa á, nǹkan ti ń hó tàbí ti ń jó gbẹ. Àwọn alásè wa mọ irú ọgbọ́n yìí. Alákàrà kì í ki tẹmómítà bọ epo, dídún epo ló ń gbọ́.

Kí wọ́n tó gbé ìṣírò yìí dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, orí ẹran ni wọ́n ti ń dán an wò. Ọkàn màlúù, ọkàn ẹlẹ́dẹ̀, irú èyí tí alápatà ń tà, wọ́n á rì í sínú omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á jó o, wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á fi rúlà wọn bí ojú àpá ṣe jìn tó, wọ́n á wá fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Kò rọrùn kí méjèèjì bára mu, nítorí ọkàn ẹnì kan kì í ṣe ọkàn ẹnì kejì. Ògiri yàrá òkè lè má ju mìlímítà méjì sí mẹ́rin lọ, ti yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ju mẹ́wàá lọ lára ẹlòmíràn. Ẹran tó ní àpá ń gbé iná lọ́nà tirẹ̀, ọ̀rá lọ́nà tirẹ̀.

Ibi tó ń bani lẹ́rù jù ni ẹ̀yìn yàrá òkè lápá òsì. Láti 1998, nígbà tí Michel Haïssaguerre àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux fi hàn pé ẹnu àwọn iṣan tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró ni ìlù èké ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí yàrá òkè ọkàn wọn ń gbọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ń jó fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà kọjá sí ikùn fara ti ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an, mìlímítà díẹ̀ ló wà láàárín. Bí ooru bá kọjá ògiri ọkàn, á jó ọ̀nà ọ̀fun láìsí ẹni tó mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mélòó kan, ihò lè là láàárín méjèèjì. Kò wọ́pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe ni kì í yè é. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún, tí ibà, àyà dídùn tàbí ìṣòro àtigbé oúnjẹ mì dé láàárín oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, kó má ṣe ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù o, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é ni kó padà sí kíá.

Nítorí ewu yìí ni wọ́n ṣe wá iná tí kì í gbóná púpọ̀. Ìjáyà kúkúrú-kúkúrú ni, tó ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí ara ẹran ọkàn títí tí yóò fi kú, tí ọ̀nà ọ̀fun kì í fi í fara pa tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní oṣù December 2023. Ẹni tó bá rò pé ìṣírò ooru ti parí iṣẹ́ nìyẹn, kó dúró ná. Ti olóoru ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri ayé, tuntun yìí sì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó ló sì gbé wa padà sí Àkànràn. Ìlú tí Tàfá Adéoyè àtàwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ owó orí nígbà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969 kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí owó ṣe ń wọ àgbẹ̀ lọ́rùn. Iṣẹ́ iná yìí ń fẹ́ yàrá ọ̀tọ̀, X-ray ọ̀tọ̀, wáyà tí wọn kì í tún lò fún ẹlòmíràn bó bá ṣe yẹ, àti dọ́kítà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan fún ọdún púpọ̀. Gúúsù Áfíríkà àti Íjíbítì ti ń ṣe é tipẹ́. Ní tiwa, iye ibi tí ènìyàn ti lè rí i ṣe kò tó nǹkan rárá bí a bá fi wé iye ènìyàn. Ká má tan ara wa, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò ní rí owó rẹ̀. Àmọ́ oògùn wà tí ń dín ìsáré ọkàn kù, òmíràn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó ń gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ rọparọsẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ̀yìn àyẹ̀wò ni wọ́n ń wá.

Àyẹ̀wò náà kì í ṣe ti Òyìnbó olówó. Ẹ̀rọ ECG ni, tí Willem Einthoven ará Holland fi gba Nobel ní 1924. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ àyà, apá àti ẹsẹ̀, kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ìrora, ìṣẹ́jú mélòó kan ló ń gbà. Láti Àkànràn gba Amúlókò wọ Ìbàdàn, títí dé UCH ní Oríta Mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀ láti 1957, ènìyàn á rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: bí ìsáré bá ti dáwọ́ dúró kí wọ́n tó lẹ wáyà, ìwé lè mọ́ lóló bí ẹni pé kò sí nǹkan. Nítorí náà, bó bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó wà nítòsí gbé e lọ sí ibi ECG tó sún mọ́ jù lọ nígbà tó ṣì ń sáré lọ́wọ́. Bí ojú bá ń ṣú u, tàbí àyà ń dùn ún, tàbí kò lè mí dáadáa, ká má dúró wò ó bóyá yóò lọ.

Kí wọ́n gba ìwé ọ̀hún lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n gbà nígbà tí ọkàn ń sáré lè jẹ́ ohun tí dọ́kítà yóò máa wá fún ọdún mẹ́wàá. Kí wọ́n ṣe fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, tàbí kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dọ̀ oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ọ̀pọ̀ bébà ECG kì í lo yíǹkì, ooru ni ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé sí i lára. Bí wọ́n bá gbé e sí iwájú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò, tàbí abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa, á ṣú dúdú, tàbí kí ohun tó wà lára rẹ̀ pa rẹ́.